Ọ̀rọ̀ Inú Ọkọ̀

"Àpáta wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa," Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Fà á sósì. Fà á kíákíá."

Mosúnmọ́lá fi àjẹ̀ ti omi. Ìdí ọkọ̀ ha àpáta náà, ọkọ̀ mì, omi ta sí wọn lójú, wọ́n sì yọ síbi tí odò ti fẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jókòó níwájú ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an ni ó jọ nínú eré náà, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì dé fìlà. Mosúnmọ́lá tó wà lẹ́yìn jọ igi ewúro kékeré tó ní ọwọ́ méjì, Ewúro náà sì ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ohùn ọkùnrin ni ó yàn fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, kò sì yí i padà mọ́.

Odò náà kò sí níbì kankan láyé. Inú yàrá tóóró kan ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, ni Mosúnmọ́lá wà, ó fi awò eré bojú, iná kékeré ara ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú. Wákàtí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní in lójúmọ́, wákàtí kan ṣoṣo tí ẹ̀gbà ọwọ́ kò gbọdọ̀ ka bí ọkàn ṣe ń lù, tí ògiri kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń fi sùn. Àwọn kan ń fi sunkún. Mosúnmọ́lá ń fi tukọ̀.

"Ewúro, o ti gbọ́ nípa òfin yẹn?" Ọ̀kẹ́rẹ́ bèèrè.

"Òfin wo?"

"Òfin Orúkọ Kan. Wọ́n fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, kò sí pé à ń jẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ wá nílé ló máa wà lórí wa, gbogbo ohun tí a sì ti sọ látẹ̀yìn wá máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ẹni lè kà á. Ọlọ́pàá náà lè kà á." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ibì kan. "Mo mà ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ọkọ̀ yìí."

Ọwọ́ Mosúnmọ́lá dúró lórí àjẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

"A lè pa á rẹ́," ni ó wí.

"Báwo? Wọ́n ti yí ìyẹn náà padà. Àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ ilé rẹ, o ò mọ ilé mi. Ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn."

Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí hó níwájú. Kí Mosúnmọ́lá tó tún gbé àjẹ̀, iná ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tàn, odò pòórá, ó sì rí ògiri funfun níwájú rẹ̀. Wákàtí ti pé.

Ohun tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ewúro. Gbénró ni orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an, òun àti Mosúnmọ́lá nìkan sì ni ìyá wọn bí. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Nígbà tí bàbá wà láyé, ẹ̀rọ ilé ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń gbọ́ ti gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn tó kú, Ilé Ohùn, ilé iṣẹ́ tó ń kó ohùn àwọn èèyàn pa mọ́, ní àwọn lè mú ohùn náà padà wá, kó máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó máa dáhùn, kó máa rẹ́rìn-ín bíi tìgbà tó wà láyé. Gbénró fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá mọ̀ pé Ilé Ohùn máa ń rán irú ohùn bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti kú tipẹ́ nígbà tí ohùn rẹ̀ pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù láti polówó ọṣẹ, tó sì tún ń pè é ní "ọmọ mi." Nítorí náà, òun tó jẹ́ àkọ́bí buwọ́ lù ú pé kí wọ́n pa ohùn bàbá rẹ́. Gbénró wò ó lójú, ó ní, "Ẹ ti pa bàbá lẹ́ẹ̀kejì," ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Abẹ́òkúta. Kò sọ ibi tó ń lọ.

Mosúnmọ́lá kò wá a lọ sínú eré náà. Eré ló kó wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan bó ṣe ń kó ẹnikẹ́ni pọ̀. Ní ìgbà òjò tó kọjá, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣàlàyé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó ní ìrẹsì aláìlẹ́bí lòun jẹ. Ìrẹsì tí kò ní ẹran ni bàbá wọn máa ń pè bẹ́ẹ̀. Mosúnmọ́lá kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Ó ń tukọ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá. Ní ọjọ́ kan báyìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wá sọ fún Ewúro pé kí Ilé Ohùn tó pa ohùn bàbá òun rẹ́, òun ti jí i kọ, òun fi í pa mọ́, àti pé òun máa ń bá a sọ̀rọ̀ tí ìlú bá sú òun. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá tọ́jú ohùn tí wọ́n ti pàṣẹ pé kó parẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú eré náà báyìí, ó ń dúró de ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá Mosúnmọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ránṣẹ́ pè é kí ó tó padà dé ìjókòó rẹ̀. Iṣẹ́ Mosúnmọ́lá ni láti máa ran àwọn ẹ̀rọ tó ń fò gbé ẹrù kiri lọ́wọ́ tí ojú bá pọ́n wọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan ti dúró sókè agbo ilé kan ní Kútọ̀, kò lè mọ̀ bóyá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni ó ń wò tàbí èèyàn. Mosúnmọ́lá ló sọ fún un pé aṣọ ni.

"Ẹ jókòó, ìyá wa," Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí. Ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, kì í sì í fi ìyẹn ṣeré. "A fẹ́ kí ẹ máa bójú tó gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó tó yín í ṣe é."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀ranyàn kọ́ o. Òfin ò gbà wá láyè láti bèèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dé ipò yẹn sábà máa ń fi wákàtí ìkọ̀kọ̀ wọn sílẹ̀."

Mosúnmọ́lá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Tí ẹ bá ti jáde nínú yàrá yẹn, ọkàn yín máa ń sáré," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò sì le mọ́ ọn. "Ẹ̀gbà ọwọ́ ò mọ ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí ẹ ṣe jáde. Àwọn tó wà lókè fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Èmi ti fi tèmi sílẹ̀ tipẹ́. Kò ṣe mí ní nǹkan kan." Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ó gbójú sókè wo ògiri, bí ẹni tó ń dúró kí ẹnìkan gbà pé òótọ́ lòun sọ. "Ẹ fún mi lésì lọ́la."

"Lọ́la, mo fẹ́ gba àyè, sà. Ìrìn àjò ẹbí ni."

"Kò burú. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ láti ọ̀nà."

Ìlọrin ni Gbénró wà. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ewúro ló sọ ọ́ fún, pé òun ń tún ẹ̀rọ oko ṣe ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, àti pé ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ara òun.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé Mosúnmọ́lá lọ, òfin tuntun náà ni gbogbo èèyàn ń sọ. Bàbá kan tó wọ ṣòkòtò àǹkárá ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é.

"Ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́, kí ló ń bà á lẹ́rù?" ó bèèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. "Àwọn ọmọ mi ń wà nínú eré láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n mọ̀."

Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú dá a lóhùn. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yín sílẹ̀ tí ẹ bá ń wẹ̀ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní ìyẹn yàtọ̀. Obìnrin náà ní kó ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀, bàbá sì bẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí rẹ̀. Mosúnmọ́lá kò bá wọn dá sí i. Ó ń jókòó, ó ń dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó fẹ́ omi.

Nígbà tó dé ilé iṣẹ́ náà, kò wọlé. Tó bá sọ̀rọ̀ kí wákàtí ìkọ̀kọ̀ àwọn méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀ yóò gbọ́, ti Gbénró náà yóò gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níta lábẹ́ igi mángòrò, ó ń wo àwọn ẹ̀rọ oko tí wọ́n so rọ̀ sára ẹ̀wọ̀n bí ẹran nílé alápatà, títí iná ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Nígbà náà ni ó wọlé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀, epo wà nílẹ̀," ohùn kan dáhùn lábẹ́ ẹ̀rọ. Gbénró yọ́ jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, awò eré ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó rí i. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti kí i kí ó tó rántí pé òun ń bínú, ó sì dúró ní ìdajì ọ̀nà, ó nà ró.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló wá sọ fún yín pé ibí ni mo wà?"

Láti Abẹ́òkúta ni Mosúnmọ́lá ti ń to ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀ ti dà nù báyìí.

"Ìwọ ni," ó wí. "Èmi ni Ewúro."

Gbénró kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ewúro? Ọkùnrin ni Ewúro."

"Ohùn ọkùnrin ni mo yàn."

Ó wò ó, ó tún wo awò eré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣì wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà kan.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé èmi ni?"

"Ìgbà òjò. Ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ ìrẹsì aláìlẹ́bí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa sọ lọ."

"Tí mo bá sọ fún ọ, wàá lọ."

"Ó yẹ kí n lè lọ tí mo bá fẹ́ lọ." Kò pariwo. "Ilé Ohùn ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Ọ̀gá mi ń gbọ́ mi, mo mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo rò pé mo fúnra mi yàn pé kó gbọ́ mi, ẹ̀yin ni."

Mosúnmọ́lá fa àga kan, ó jókòó.

"Mo sọ fún Ewúro pé mo kórìíra ẹ̀gbọ́n mi," Gbénró wí. "Ṣé ẹ rántí?"

"Mo rántí."

"Kí ni ó dá mi lóhùn?"

"Ó ní kí o máa wo iwájú, àpáta ń bọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Gbénró, ó gbé e mì. "Mo rò pé ó gbọ́n ni. Mo ní ọkùnrin yìí mọ ìgbà tí kò yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀."

"Gbénró, wákàtí ń lọ. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Ohun tí o sọ nípa ohùn bàbá wà níbẹ̀. Jẹ́ ká jọ tẹ̀ ẹ́, kó parẹ́. Lẹ́yìn náà, mo máa lọ."

"Tí wọ́n bá kà á, ẹ̀yin náà wọ ọ̀ràn náà. Ẹ mọ̀, ẹ ò sì fi mí sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ wá."

Gbénró ń yí awò eré náà lọ́wọ́. Níta, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá, gbogbo ẹ̀wọ̀n tó wà nínú ilé iṣẹ́ náà sì ń dún. Ó dúró títí ó fi kọjá.

"Tí a bá pa á rẹ́, kò ní sí Ewúro mọ́."

"Kò ní sí."

"Òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nílùú yìí," ó wí. Ó wá gbójú sókè, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá Ewúro sọ̀rọ̀, kò rántí fi ọ̀wọ̀ sí i. "Ṣé o mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìwọ ni mo kọ́kọ́ máa ń rò pé kí n sọ nǹkan fún?"

Mosúnmọ́lá gbọ́ "ìwọ" náà. Ó fẹ́ kí ó tún un sọ. Gbénró ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó tan awò náà, ó gbé e lé orí àpótí irinṣẹ́ láàárín wọn. Odò hàn, ó kéré, ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ wọn wà lójú odò níbi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí lánàá, ọ̀kẹ́rẹ́ níwájú, igi ewúro lẹ́yìn. Gbénró fi àtàǹpàkò tó kún fún epo tẹ apá kan, Mosúnmọ́lá tẹ apá kejì. Eré náà bèèrè bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ewúro kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Ọ̀kẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ọkọ̀. Omi ń ṣàn lọ ní tirẹ̀ títí awò náà fi ṣókùnkùn.

"Ẹ máa lọ," Gbénró wí. "Iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Mosúnmọ́lá dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Gbénró pè é.

"Ẹ ò bèèrè ibi tí ohùn bàbá wà."

"Má sọ fún mi," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Tí wọ́n bá bi mí, mo fẹ́ lè sọ pé mi ò mọ̀, kó sì jẹ́ òótọ́." Ó fa báàgì rẹ̀ sápá. "Ohun tí ohùn náà bá sì ń bá ọ sọ, má sọ ìyẹn náà fún mi. Tìrẹ ni."

Gbénró gbé awò náà kúrò lórí àpótí. Ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ fi ojú wọn nǹkan. Iná ẹ̀gbà ọwọ́ wọn tàn lẹ́ẹ̀kan náà, Mosúnmọ́lá sì jáde.

Lórí ìlà ní ibùdó ọkọ̀, ó fi èsì ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé. Ó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n òun kò ní lè fi wákàtí òun sílẹ̀. Ó tún un kà, ó fẹ́ ṣàlàyé ìdí, ó sì rí i pé òun kò ní ìdí kankan tí òun lè kọ. Ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi àwọn tí ẹ̀rọ kò bá gbà gbọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ dá Mosúnmọ́lá dúró.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ kọ ọ́ pé ìrìn àjò ẹbí lẹ bá wá. Ta lẹ wá wò?"

"Àbúrò mi. Olúgbénró."

Obìnrin náà wo gíláàsì iwájú rẹ̀. "Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin nìyí tí ẹ ò ti pe ara yín. Ẹ ò kí ara yín lọ́dún, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má bínú, mà, àwọn èèyàn máa ń pe orúkọ ẹbí láti fi sá níbi iṣẹ́. Tí kò bá sẹ́ni tó jẹ́rìí sí i, mo ní láti sọ fún ilé iṣẹ́ yín pé ẹ purọ́. Ẹ pè é kó wá bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀."

Obìnrin náà mi orí. Kò dùn mọ́ ọn. Ó ti fẹ́ tẹ gíláàsì náà láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti ń kùn pé ọkọ̀ fẹ́ lọ.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń bọ̀."

Gbénró ló ń la àárín àwọn èèyàn bọ̀, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn èèyàn sì ń yẹra kí epo má bàa kàn wọ́n. Ó ti sáré, kò lè mí délẹ̀.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn, sà?" obìnrin náà bi í.

Gbénró wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan ló bí wa."

"Kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín yín láti ọdún mẹ́rin?"

"À ń bínú síra wa. Èmi ṣì ń bínú." Ó sún mọ́ tábìlì náà. "Ẹ kọ ọ́ pé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà kọ ọ́. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, kí n fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn."

Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí pe nọ́ńbà náà. Ó pè é sókè, ó pè é pẹ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lọ́ra ju bí obìnrin náà ṣe fẹ́ lọ, kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mosúnmọ́lá ló kọjú sí. Mosúnmọ́lá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá, ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń pè é tẹ̀lé e.